Ògò, Òṣómàáló àti Ẹ̀yáwó Orí Fóònù: Ìtàn Gbèsè àti Ìtìjú Láàárín Àwọn Ọ̀dọ́ ní Ẹdẹ àti Agbègbè Rẹ̀

Ìfáàrà

Ìlú Ẹdẹ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti di ìlú akẹ́kọ̀ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga Pólì ti Ìjọba Àpapọ̀ ni ó kọ́kọ́ débẹ̀ ní 1992. Yunifásítì Adélékè tẹ̀ lé e ní 2011, nígbà tí ó sì di 2012, Yunifásítì Redeemer's kó wá sí ibùjókòó rẹ̀ ní ìlú náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí òbí wọn wà ní ọ̀nà jíjìn ni ó ń gbé nínú yàrá tí wọ́n háyà, tí fóònù kan ṣoṣo sì jẹ́ báńkì, ọjà àti ẹnu ọ̀nà ilé fún wọn. Inú fóònù yìí kan náà ni ẹni tí kò rí wọn rí, tí àwọn náà kò sì mọ ibi tí ó fi ṣe ibùgbé, ti ń yá wọn lówó kí omi tí wọ́n gbé kaná tó hó.

Bí ọ̀rọ̀ bá kan ewu ẹ̀yáwó bẹ́ẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn àgbà ni pé ojúkòkòrò ni ó ń yọ àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí lẹ́nu, àti pé láyé àtijọ́ Yorùbá kì í jẹ gbèsè. Ìtàn kò gbe ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀. Yorùbá jẹ gbèsè, wọ́n yá owó tí èlé rẹ̀ ga, wọ́n sì ní orúkọ fún oríṣiríṣi ọ̀nà tí olówó fi ń gba owó rẹ̀. Ohun tí ayánilówó orí fóònù gbójú lé kì í ṣe nǹkan titun rárá: ìtìjú ni. Ìtìjú yìí náà ni ológò àti òṣómàáló gbójú lé kí á tó bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyí. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni iye ènìyàn tí ó mọ̀ nípa gbèsè kí ó tó di gbèsè, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ yìí fẹ́ tan iná sí.

Ìwọ̀fà: Ọmọ tí ó ń san èlé owó tí kò yá

Johnson (1921), ẹni tí ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897 ṣùgbọ́n tí ó ti dolóògbé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde, ṣàlàyé ìwọ̀fà dáadáa. Fádípẹ̀ náà ṣe bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tí ó ṣe fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì London ní 1939, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní Ìbàdàn ní 1970. Àwọn méjèèjì fohùn ṣọ̀kan lórí kókó pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Ọmọ ìlú ni. Kò pàdánù ẹ̀tọ́ rẹ̀ láwùjọ, olówó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ tà á. Bí ọ̀ràn ìsìnkú, ìtanràn, àìsàn tàbí ìgbéyàwó bá dé bá bàbá kan tí kò ní owó lọ́wọ́, ó lè tọ olówó lọ, kí ó fi ara rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà bá ń ṣe fún olówó ni èlé owó náà. Àgbàlagbà a máa sin olówó rẹ̀ fún apá kan ọjọ́, a sì padà sí oko tirẹ̀ àti sílé ara rẹ̀. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀dọ̀ olówó ni ọmọdé ń gbé, ibẹ̀ ni ó ti ń jẹ, ibẹ̀ ni ó ti ń sùn, àṣẹ ibẹ̀ ni ó sì ń jí sí lóròòwúrọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti korò ni pé iṣẹ́ yìí kì í dín owó kù. Bí ọmọ ọdún mẹ́jọ bá wọ ilé olówó nítorí ọ̀kẹ́ owó ẹyọ méjì, tí ó sì lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, ọ̀kẹ́ méjì náà gan-an ni bàbá rẹ̀ yóò kà sílẹ̀ kí ó tó lè mú un lọ sílé. Bí ọmọ bá kú, tàbí tí ó sá lọ, bàbá ní láti fi ẹlòmíràn dí àyè rẹ̀ tàbí kí ó wá owó náà jáde. Báyìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ṣe fi ìgbà èwe wọn san èlé owó tí wọn kò fi ojú kàn. Ó yẹ kí olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àṣà ìbílẹ̀ sọ èyí bí ó ti rí. Àwọn ìwé kan ti ń pe ìwọ̀fà ní ètò ìrànlọ́wọ́ láàárín ará àti ọ̀rẹ́, bí ẹni pé ọmọ tí wọ́n fi ránṣẹ́ náà ni ó ní kí wọ́n fi òun ránṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ètò náà tí kò ṣeé gbójú fò. Wọn kì í dá a ṣe nínú òkùnkùn. Ẹlẹ́rìí gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Onígbọ̀wọ́ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹni tí olówó mọ̀, tí ó sì mọ onígbèsè, tí ọ̀ràn yóò padà sí ọrùn rẹ̀ bí nǹkan bá yí. Ta ni yóò yá ọ̀dọ́ tí kò tíì ní oko tirẹ̀ lówó láìjẹ́ pé àwọn àgbà ilé rẹ̀ gbọ́ sí i? Nítorí náà, àwọn tí gbèsè lè kó ìtìjú bá ni wọ́n jókòó nígbà tí wọ́n ń ka owó. Àǹfààní ńlá ni èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gba ọmọ tí wọ́n fi ṣe ìwọ̀fà sílẹ̀.

Ẹni tí ó jókòó ti onígbèsè

Bí onígbèsè kò bá san, tí kò sì fi ẹnikẹ́ni ṣe ìwọ̀fà, olówó lè lọ bá àwọn aláṣẹ ìlú kí wọ́n fún un ní ológò. Johnson ṣe àpèjúwe ọkùnrin yìí lọ́nà tí ó lè pa ènìyàn lẹ́rìn-ín bí kì í bá ṣe pé ọ̀rọ̀ náà le. Yóò wọ agbo ilé onígbèsè, yóò dógò tì í, ìyẹn ni pé yóò jókòó síbẹ̀ kò sì ní dìde. Oúnjẹ tí ó dára ni yóò máa bèèrè. Adìyẹ tí ó bá rí yóò di tirẹ̀, ìbáà ṣe ti onígbèsè tàbí ti ará ilé mìíràn. Yóò máa pariwo, yóò máa sọ̀kò ọ̀rọ̀, títí ara yóò fi ni gbogbo agbo ilé.

Ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ hàn kedere. Kì í ṣe onígbèsè nìkan ni ológò wá bá. Àwọn tí adìyẹ wọn ti kú láìjẹ gbèsè ni yóò yí sí onígbèsè, tí wọn yóò bú u, tí wọn yóò sì dá owó jọ bí ó bá di kàráǹgídá. Yorùbá gbà pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ológò sì mọ̀ pé ẹ̀sín ni ọjà tí òun ń tà. Ó tọ́ kí á kíyè sí i pé ọ̀rọ̀ kan náà, ògò, ni Yorùbá ń lò fún ohun tí a fi lélẹ̀ nítorí owó tí a yá àti fún jíjókòó ti onígbèsè yìí. Bí onígbèsè kò bá ní ohun ìdógò, ìfọ̀kànbalẹ̀ ilé rẹ̀ di ohun ìdógò.

Síbẹ̀, aláṣẹ ìlú ni ó rán ológò. Bí ó bá kọjá ààyè rẹ̀, ilé kan wà tí wọ́n lè gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ.

Reluwé, owó-orí àti aṣọ àwìn

Ojú irin tí ó ti Èkó wá dé Ìbàdàn ní 1901, ó gba Ẹdẹ kọjá, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Owó fàdákà àwọn Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò owó ẹyọ. Lẹ́yìn 1916 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí gba owó-orí ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn, tí Ẹdẹ wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó ní iṣu nínú abà kò lè fi iṣu san owó-orí. Ó di dandan kí ó wá owó, kí ó sì wá a ní ìgbà tí ìjọba dá, ìbáà ṣe ìgbà ìkórè tàbí ìgbà ọ̀wọ́n. Lẹ́sẹ̀ kan náà, àwọn ẹrú ń fi ọ̀dọ̀ olówó wọn sílẹ̀, àwọn olóko ńlá sì ń wá ẹni tí yóò ṣiṣẹ́. Ìwọ̀fà ni wọ́n fi dí àlàfo náà. Dípò kí ìwọ̀fà parẹ́ nígbà tí òwò ẹrú dópin, ńṣe ni ó tún gbilẹ̀ sí i fún ìgbà kan.

Ìmùlẹ̀ tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lòdì sí oko ẹrú ní 1926, àti èyí tí ó lòdì sí iṣẹ́ àfipáṣe ní 1930, mú kí ìjọba amúnisìn tẹra mọ́ fífi òfin de fífi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Àkókò náà kò rọgbọ. Láti 1929 ni ọrọ̀-ajé àgbáyé ti dojú dé, owó kòkó sì já wálẹ̀ gan-an. Òfin lè dá ìwọ̀fà dúró lórí ìwé. Kò lè wá owó-orí fún bàbá ọmọ.

Àárín àsìkò yìí ni òkìkí àwọn òṣómàáló kàn. Oníṣòwò Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, aṣọ ni wọ́n ń tà. Wọ́n ń gba aṣọ lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó, wọ́n sì ń gbé e lọ láti ìlú dé ìlú, láti abúlé dé abúlé, ní àwìn. Ọ̀dọ́ tí ọdún ìlú kù sí dẹ̀dẹ̀, tí kò sì ní owó aṣọ, yóò mú aṣọ lọ, yóò san díẹ̀, yóò sì dá ọjọ́ tí yóò san ìyókù. Iye tí wọ́n ń ta aṣọ àwìn ju iye tí ẹlẹ́ẹ́wo yóò san lọ dáadáa, ibẹ̀ sì ni èlé fara pamọ́ sí. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní owó yíyá. Aṣọ ni wọ́n pè é.

Bí ọjọ́ bá pé, òṣómàáló yóò dé. Kò ní jókòó lórí àga tí wọ́n bá gbé fún un. Yóò lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò ní òṣó ni òun yóò máa ló títí òun yóò fi gba owó òun. Ibi tí wọ́n ti rí orúkọ wọn nìyẹn. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ ti mọ ìdí tí àlejò fi lóṣòó, kò pọn dandan kí ẹnikẹ́ni bèèrè. Yàtọ̀ sí ológò, òṣómàáló kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ọba, kò sì pa adìyẹ ẹnikẹ́ni. Ara tirẹ̀ ni ó fi ń dógò. Oòrùn tí ó ń pa onígbèsè lójú ń pa òun náà lórí, ebi sì ń pa á. Èyí mú kí ó ṣọ́ ẹni tí yóò tà fún, nítorí kò sí ẹni tí ó fẹ́ lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ogún ilé lọ́jọ́ kan.

Ṣógúndogójì àti àwọn òṣìṣẹ́ oṣù

Iṣẹ́ ìjọba, iṣẹ́ reluwé àti iṣẹ́ olùkọ́ mú irú onígbèsè mìíràn wá: ẹni tí ó mọ ọjọ́ tí owó yóò wọlé. Ẹni bẹ́ẹ̀ kò nílò ìwọ̀fà. Owó oṣù rẹ̀ tí kò tíì dé ni ó ń fi dógò. Àwọn tí ń yá wọn lówó ni Yorùbá sọ ní ṣógúndogójì, orúkọ tí ó ti ṣàlàyé ara rẹ̀: ogún jáde, ogójì padà wálé. Ní ìparí àwọn ọdún 1930 ni ìjọba ṣòfin pé ayánilówó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí èlé rẹ̀ má sì kọjá ibi tí òfin pa láṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wá owó lóru kì í bèèrè ìwé àṣẹ.

Èyí tí ó ṣiṣẹ́ jù ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Strickland jábọ̀ lórí rẹ̀ fún ìjọba ní 1934, òfin rẹ̀ sì jáde ní 1935. Àjọ àti èésú ti wà lọ́wọ́ Yorùbá tipẹ́, nítorí náà ẹgbẹ́ náà kò ṣàjèjì sí wọn. Ìlànà rẹ̀ rọrùn: ẹni tí ó bá fẹ́ yá owó gbọ́dọ̀ ti fi owó pamọ́, kí ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn sì dúró fún un. Onígbọ̀wọ́ ayé ìwọ̀fà ni ó padà dé yìí, láìsí ọmọ ẹnikẹ́ni láàárín.

Àwọn olùkọ́ Ọ̀ṣun mọ bí èyí ti ṣe pàtàkì tó. Ní 2015, ìjọba ìpínlẹ̀ náà jẹ wọ́n ní owó ọ̀pọ̀ oṣù. Nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí san án, àwọn tí ó wà ní ipò gíga ń gba ààbọ̀ owó oṣù, èyí sì ń bá a lọ títí wọ 2018. Ẹni tí ó ti fi owó oṣù dógò ní ọjà, tí owó oṣù náà kò sì dé, kò jalè, kò sì ṣe ojúkòkòrò. Ẹni tí ó yá ogún tí kò san, ó bẹ́gi dí ọgbọ̀n, ni àwọn àgbà wí. Ta wá ni ó bẹ́ igi ti ọdún 2015?

Ògò inú fóònù

Láti 2014 ni Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ń fún oníbàárà báńkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan ṣoṣo, BVN. Nígbà tí nọ́ńbà yìí àti fóònù olówó pọ́ọ́kú pàdé, ó ṣeé ṣe láti yá ẹni tí a kò rí rí lówó. Ọ̀pọ̀ áàpù ayánilówó ni ó jáde. Àwọn kan ní ìwé àṣẹ, wọ́n sì ń ṣe é bí òfin ti wí. Àwọn mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn yìí ni ó sì ń fa ẹkún.

Bí wọ́n ti ń ṣe é nìyí. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ ti akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó bèèrè ₦10,000. Wọn yóò ti yọ èlé àti owó iṣẹ́ kúrò kí wọ́n tó fi owó ránṣẹ́, nítorí náà ₦7,500 ni yóò wọlé fún un, yóò sì san ₦10,000 padà láàárín ọjọ́ méje. Lójú akẹ́kọ̀ọ́, ₦2,500 kò pọ̀. Bí ó bá wá di ọjọ́ keje tí kò ní owó, tí ó sì san ₦2,500 mìíràn láti sún un síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, tí ó tún sún un lẹ́ẹ̀kan sí i, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni yóò fi san ₦7,500 ní èlé nìkan. Iye tí ó gbà lọ́wọ́ gan-an nìyẹn. Ogún ti di ogójì, gbèsè ₦10,000 sì dúró gbọn-in. Kò yàtọ̀ sí ìwọ̀fà tí ó ń ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ tí owó bàbá rẹ̀ kò dín.

Nígbà tí ó ń gba áàpù náà sínú fóònù, ó tẹ ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀. Ohun tí ó fọwọ́ sí láìkà ni pé kí wọ́n rí gbogbo orúkọ àti nọ́ńbà inú fóònù rẹ̀, àti àwòrán rẹ̀ nígbà mìíràn. Ohun ìdógò rẹ̀ nìyẹn. Bí ọjọ́ bá kọjá, àtẹ̀jíṣẹ́ yóò bẹ̀rẹ̀ sí lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, pásítọ̀ tàbí àfáà rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀, ẹni tí ó ń tún bàtà rẹ̀ ṣe, ọmọbìnrin tí ó ń dẹnu kọ: pé olè ni, gbájúẹ̀ ni. Wọ́n ti fi àwòrán àwọn kan ránṣẹ́ bí ẹni pé wọ́n ti kú.

Ìjọba kò sùn. Ní 2021, àjọ NITDA bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé ilé-iṣẹ́ Soko lórí lílò tí ó lo ọ̀rọ̀ àṣírí oníbàárà nílòkulò. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2022, àjọ FCCPC, tí ń dáàbò bo oníbàárà, já wọ ọ́fíìsì àwọn ayánilówó kan ní Ìkẹjà, ó sì gbé ìlànà ìforúkọsílẹ̀ jáde ní ọdún náà. Google fòfin dè é ní 2023 pé kí áàpù ayánilówó má ṣe wo orúkọ àti àwòrán inú fóònù mọ́. Òfin ààbò àṣírí ará ìlú jáde ní ọdún 2023 yìí kan náà, ìlànà FCCPC tí ó le jù ti ìṣáájú sì tẹ̀ lé e ní 2025. Àwọn áàpù tí kò sí lábẹ́ òfin a máa gba ọ̀nà ẹ̀bùrú wọlé, wọn a pa orúkọ dà, wọn a tún padà wá.

Owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá akẹ́kọ̀ọ́ láti 2024 nípasẹ̀ NELFUND kò ní èlé. Ọ̀dọ̀ ilé-ìwé ni owó ilé-ìwé ń lọ tààrà, sísan rẹ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún méjì lẹ́yìn tí ẹni náà bá ti sin ilẹ̀ baba rẹ̀ tán. Ó gba ẹrù kan lórí akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ebi alẹ́ Ọjọ́bọ̀ kì í dúró de owó ìjọba, alẹ́ Ọjọ́bọ̀ sì ni áàpù ń ṣiṣẹ́.

Bí wọ́n bá gbé àwọn ayánilówó ìgbà méjèèjì sórí ìwọ̀n, ìyàtọ̀ wọn kò sí nínú ìkà. Ológò náà ṣìkà. Ní ayé ológò, àwọn àgbà agbo ilé mọ̀ nípa gbèsè kí ẹ̀sín tó kàn wọ́n, wọ́n sì lè sọ pé kí ọ̀dọ́ náà má yá a, tàbí kí wọ́n bá a dá a. Lónìí, akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ó wà nínú yàrá nígbà tí ó yá owó, igba ènìyàn ni ó sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n wá gbà á. Gbogbo wọn di onígbọ̀wọ́ láìgbọwọ́. Ìyá tí ì bá fi ₦7,500 ránṣẹ́ kí ó tó di ọ̀ràn, ẹ̀yìn tí wọ́n ti pe ọmọ rẹ̀ ní olè ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́.

Nígbà tí òṣómàáló bá gba owó rẹ̀, yóò dìde, yóò na ẹsẹ̀ rẹ̀ tí ó ti kú tì, yóò gbé ẹrù rẹ̀, yóò sì máa lọ. Àwọn ará àdúgbò tí wọ́n rí i tí ó lóṣòó ni yóò tún rí i tí ó ń lọ, wọn yóò sì mọ̀ pé wọ́n ti san án. Kò sí ẹni tí ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn igba ènìyàn wọ̀nyẹn pé akẹ́kọ̀ọ́ náà ti sanwó.